Sílípáàsì ni wọ́n wọ̀ lọ sílé Bush, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Kelly ló gbé wọn débẹ̀

Ariwo ńlá ló sọ ní Amẹ́ríkà lóṣù keje, ọdún 2005. Àwọn ọmọbìnrin Yunifásítì Northwestern lọ kí Ààrẹ George Bush nílé ìjọba, wọ́n bá a ya fọ́tò. Àfi bí fọ́tò ṣe jáde, táwọn èèyàn rí i pé sílípáàsì làwọn kan nínú wọn wọ̀! Àwọn kan ní wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, àwọn mí-ìn ní kí ló kan bàtà níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ńṣe ni wọ́n ta bàtà ọ̀hún ní gbàǹjo, wọ́n fowó ẹ̀ ran ọmọdébìnrin kan tí jẹjẹrẹ ń bá fínra lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló gbé wọn dé iwájú ààrẹ?

Kelly Amonte Hiller lorúkọ ẹ̀. Kóòṣì wọn ni, lacrosse sì leré tó ń kọ́ wọn. Igi tí wọ́n so àwọ̀n mọ́ lórí ni wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù nínú eré náà, òun náà ni wọ́n fi ń jù ú wọlé. Ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ tí òyìnbó bá ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá.

Kelly kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Maryland, lábẹ́ Kóòṣì Cindy Timchal, ó bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún 1995 àti 1996. Ẹ wá wò ó, Northwestern yìí náà ni Timchal ti ń ṣe kóòṣì kó tó lọ sí Maryland. Kò pẹ́ tó kúrò ni wọ́n pa eré náà tì, lọ́dún 1992. Ilé tí ọ̀gá fi sílẹ̀, tó ti dahoro, lọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀ lọ tún kọ́.

Ọdún 2000 ni wọ́n gba Kelly síṣẹ́, ọdún 2002 ni wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà làwọn tó mọ eré náà pọ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ Chicago sì ni Northwestern wà. Ni Kelly bá ń wá ẹni tó lágbára, tó lè sáré. Ìgbà tó rí ìbejì kan tí wọ́n ń sáré nínú ọgbà yunifásítì, ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Wọn ò gbá lacrosse rí! Àwọn náà wà lára àwọn tó gba ife lọ́dún 2005, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà na Virginia ní 13-10. Ìdíje mọ́kànlélógún ni wọ́n gbá lọ́dún yẹn, wọn ò fìdí rẹmi nínú ẹyọ kan.

Látìgbà náà, ife ń tẹ̀lé ife. Wọ́n gbà á títí di 2009, wọ́n tún gbà á ní 2011 àti 2012. Méje nínú ọdún mẹ́jọ!

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró sójú kan. Lẹ́yìn 2012, ife kọ̀, kò wá mọ́. Lọ́dún 2021, wọn ò tíì pàdánù rárá, àfi bí Syracuse ṣe lù wọ́n ní 21-13, nígbà tó ku ìdíje kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, North Carolina tún fi góòlù kan ṣoṣo lé wọn padà níbẹ̀, 15-14. Lọ́pọ̀ ibòmí-ìn, wọn ì bá ti ní kí kóòṣì kó ẹrù ẹ̀. Northwestern ò lé e, òun náà ò sì sá.

Ọdún 2023 lomi tó dà sẹ́yìn kún agbè. Izzy Scane, tí orúnkún ò jẹ́ kó gbá eré lọ́dún 2022, padà dé, wọ́n sì na Boston College ní 18-6. Ife kẹjọ nìyẹn. Mẹ́jọ náà sì ni Timchal, ọ̀gá ẹ̀, gbà ní Maryland.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí èrè ò tíì yọjú, kó rántí pé ọdún márùn-ún ni Kelly fi ṣiṣẹ́ kó tó rí ife àkọ́kọ́, ó sì tún dúró ọdún mọ́kànlá gbáko kó tó rí ìkẹjọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́.