Ẹni Tí Ń Sunkún Ṣì Ń Ríran

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òwe yìí pa ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí a má sunkún. Ohun tí ó ń sọ ni pé ojú tí ń da omi kì í ṣe ojú tí ó fọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka The Catcher in the Rye, ìwé ìtàn tí J. D. Salinger, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1951.

Holden Caulfield, ọmọ ọdún 17, ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Wọ́n lé e ní ilé-ìwé nítorí pé ó fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ mẹ́rin. Ó ń purọ́, ó ń bú ènìyàn, ó sì ń rìn kiri ìgboro New York lóru. Àwọn kan ní ọ̀lẹ aláìgbọ́ràn ni. Àwọn mìíràn ní wèrè ni. Èmi wí pé ìhà méjèèjì ni ó ṣì í dá lẹ́jọ́.

Ẹ bi wọ́n léèrè pé, ta ni Allie? Àbúrò Holden ni. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó pa á ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, ọdún 1946, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ní òru ọjọ́ náà, Holden, tí kò ju ọmọ ọdún 13 lọ, sùn sí ilé ọkọ̀, ó sì fi ìkúùkù fọ́ gbogbo gíláàsì fèrèsé ibẹ̀. Ọwọ́ tí ó fi ṣèṣe gbé e dé ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni ó sì wà tí wọ́n fi sin àbúrò rẹ̀. Nítorí gíláàsì wọ̀nyí, àwọn òbí rẹ̀ ń pète àtimú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ń yẹ ọkàn ènìyàn wò. Ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́ ni ìbọ̀wọ́ awọ tí Allie fi ń hán bọ́ọ̀lù, tí ọmọ náà fi tàdáwà aláwọ̀ ewé kọ ewì sí.

Wọ́n ní ó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá fẹ́ sọdá títì, a bẹ Allie pé kí ó má jẹ́ kí òun pòórá. Bí ó bá sọdá tán, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Phoebe, àbúrò rẹ̀ obìnrin, rán an létí pé Allie ti kú, ó dáhùn pé òun mọ̀, ṣùgbọ́n ikú kò ní kí òun má fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ wèrè nìyẹn?

Èmi kò wí pé kí ẹ fi Holden ṣe àwòkọ́ṣe. Òun tìkára rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òpùrọ́ ni òun. Nítorí náà, ẹ yẹ gbogbo ohun tí ó sọ nípa ẹlòmíràn wò dáadáa, nítorí ìbànújẹ́ kì í sọ irọ́ di òtítọ́. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ẹni tí ó mú kí ó sunkún. Phoebe, ọmọ ọdún 10, bá a wí, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì kó owó Kérésìmesì tirẹ̀ fún un. Nígbà náà ni Holden bú sẹ́kún.

Bí ikú bá wọ ilé ẹnì kejì yín, tí ó sì di oníjà tàbí ẹni tí kò lè kàwé mọ́, ẹ má ṣe sáré fún un ní orúkọ burúkú. Ẹ jókòó tì í. Ẹ sọ fún olùkọ́ tàbí àgbà tí ó láàánú. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún, kí ó bàa lè ríran.