Nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, ta ni yóò san owó oògùn?

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín ni a gbé wá lónìí. Ẹ má bínú pé ọkùnrin ló ń sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa gan-an ni a fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Olùkọ́ ni wá. Ìyá kan wà láàárín àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún 49. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, tí àwọn ọmọ wọ súẹ́tà wá sí kíláàsì, a máa ń rí i tó ń dúró lójijì níwájú pátákó, tó ń fi gèlè nu ojú. Òógùn bò ó. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Kì í rí oorun sùn lóru, ó sì ń gbàgbé orúkọ ọmọ tó ti kọ́ fún ọdún méjì. Ó kọ́kọ́ ra oògùn ibà. Lẹ́yìn náà ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó tún ra oògùn oníkóró kan lọ́jà tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ló tó gbọ́ pé nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n kọ ordonnance fún un. Ó ra oògùn oṣù kan, ó sùn. Ó ra ti oṣù kejì. Ní oṣù kẹta, rentrée dé, ìwé àti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta wà nílẹ̀. Ó ká ordonnance náà sínú Bíbélì, kò padà sí fámásì mọ́.

Ìgbà tó wá fẹ́ yá owó nínú tontine àwa olùkọ́ ni a gbọ́. Ọkọ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó ní òun kò mọ bí òun yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó gbà kí a sọ ọ́ níbí, kí a má ṣáà dárúkọ òun.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ: owó oògùn yìí, owó ilé ni. Kì í ṣe owó àpò obìnrin nìkan. Ibi tí ilé bá ti gbà bẹ́ẹ̀ ni ẹnu wa yóò ti gbà á níwájú ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni nǹkan oṣù wọn ń dúró láàárín ọdún 45 sí 55. Bí oṣù 12 bá kọjá tí kò wá, tí kì í ṣe oyún, tí kì í ṣe oògùn tàbí àìsàn ló fà á, a jẹ́ pé ó ti dúró. Èròjà kan tí ara obìnrin ń ṣe, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní œstrogène, ló ń dín kù. Ìyẹn ló ń fa ooru òjijì, òógùn òru, àìrí oorun sùn, ìbínú, ìgbàgbé, gbígbẹ ojú ara àti ìrora nígbà tí tọkọtaya bá wà papọ̀. Agbára egungun náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe èpè. Obìnrin mìíràn kì í mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹlòmíràn kì í lè ṣiṣẹ́. Ẹ sì wo obìnrin tí ooru ń jí ní aago méjì òru, tó jáde sí àgbàlá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ẹ mọ orúkọ tí àwọn aládùúgbò máa ń sọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe oorun nìkan ni àìrí ìtọ́jú lè gbà lọ́wọ́ ìyá kan ní ìlú wa. Ó lè gba orúkọ rere rẹ̀ pẹ̀lú.

Oògùn wà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù fún ooru òjijì ni œstrogène fúnra rẹ̀, yálà ní kóró, ní gẹ́ẹ̀lì tàbí ní èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara. Obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú gbọ́dọ̀ lo èròjà kejì mọ́ ọn, kí ilé ọmọ má baà ní jẹjẹrẹ. Owó oògùn méjì nìyẹn. Òkè òkun ni ó ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oògùn ọ̀sẹ̀ kan bíi ti ibà. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SWAN, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé lára àwọn obìnrin tí ooru náà ń mú léraléra, ó máa ń tó ọdún 7 ó lé kí ó tó lọ. Lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ó lé ní ọdún 10.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí ẹni wà ní kíláàsì. Ká ní oògùn náà jẹ́ 9 000 fránkì lóṣù. Ọdún kan, 108 000. Láti oṣù kìíní 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà ní Tógò ni 52 500 fránkì. Oṣù méjì gbáko tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ ni oògùn ọdún kan yóò gbé lọ, a kò tíì ka owó dókítà àti owó ọkọ̀. Ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà kò tilẹ̀ ní owó oṣù. Ṣé ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ń dá a dúró ní agbedeméjì?

Àwọn kan yóò ní oògùn náà ń fa jẹjẹrẹ ọmú. A mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá. Ní oṣù keje 2002, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ìwádìí ńlá kan dúró, èyí tí obìnrin tó lé ní 16 000 ń kópa nínú rẹ̀, torí pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó ń lo èròjà méjèèjì: nǹkan bí obìnrin 8 sí i nínú 10 000 lọ́dún. Ìròyìn náà tàn ká ayé, ọ̀pọ̀ obìnrin sì da oògùn wọn nù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí àwọn obìnrin ìwádìí náà, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ 63. Lónìí, àwọn dókítà gbà pé fún obìnrin tí kò tíì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún 10 lọ, tí ara rẹ̀ sì le, àǹfààní oògùn náà sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ gbà. Oògùn mìíràn tí kì í ṣe œstrogène wà fún irú wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé dókítà, kì í ṣe ọjà. Ní Lomé gan-an ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí ìwé ní oṣù kìíní 2020 láti gbógun ti ayédèrú oògùn. Síbẹ̀, ẹ lọ wo orí tábìlì ní ọjọ́ ọjà.

Ìlú olówó náà ń bá owó yìí jà. Ní Amẹ́ríkà, oògùn tuntun kan tí kì í ṣe œstrogène, fezolinetant, gba àṣẹ ní oṣù karùn-ún 2023. Dọ́là 550 ni wọ́n dá lé e fún oṣù kan. Ní England, àwọn obìnrin pariwo títí ìjọba fi gbọ́. Láti oṣù kẹrin 2023, obìnrin tó bá san owó kan lẹ́ẹ̀kan, tó jẹ́ pọ́ùn 19.30 nígbà náà, bí 15 000 fránkì, lè gba oògùn yìí fún ọdún kan gbáko. Ẹ kíyè sí i: wọ́n pariwo. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nílé wa ńkọ́? Ìjọba Tógò ti ṣe ohun tó dára, a kò ní sẹ́ ẹ. School Assur ń tọ́jú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láti 2017. Wezou ń ran aboyún àti ìkókó lọ́wọ́ láti 2021. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ọmọ rí tirẹ̀, aboyún rí tirẹ̀. Obìnrin tó ti bímọ tán ńkọ́? Ṣé ìgbà tí ikùn rẹ̀ bá wúlò nìkan ni ara rẹ̀ ṣe iyebíye? Òfin Assurance Maladie Universelle jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 2021, iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, lọ́wọ́ INAM àti CNSS. Ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá yẹn kan náà ni gbogbo ayé ń fi rántí ìdádúró nǹkan oṣù. Ẹ jẹ́ kó rán wa létí ohun tí a ó béèrè: kí oògùn yìí wà lára èyí tí ìdánilójú náà ń san fún, kí ó wà ní ìlú àti ní abúlé, kí ìyá ọjà àti ìyá oko sì lè wọlé bíi ti olùkọ́.

Kí ìyẹn tó dé, iṣẹ́ wà nílé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá générique wà, ẹ sì fi káàdì AMU han fámásì kí ẹ tó yọ owó. Bí gbígbẹ ojú ara nìkan ló ń dà yín láàmú, ẹ sọ ọ́. Oògùn kékeré tó wà fún ojú ara nìkan lè tó. Ẹ má dá oògùn dúró láìsọ fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùkọ́ àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ fi owó ìlera sínú tontine yín bí ẹ ti ń fi owó ìsìnkú sí i.

Ẹ̀yin ọkùnrin, àwa ni ọ̀rọ̀ kù sí. A ń sọ pé ìyá wa àgbà kò lo oògùn kankan. Òótọ́ ni, ta ló sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe sùn? A ń sọ pé owó kò sí. Ṣùgbọ́n aṣọ ìsìnkú mélòó ni a rà lọ́dún yìí? A ń ra táyà fún ọ̀kadà kí ó tó bẹ́. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún gbé ilé wa ró, a ń dúró kó kọ́kọ́ wó lulẹ̀.

A kó owó oṣù mẹ́ta jọ fún ẹlẹgbẹ́ wa yẹn. Ó ti ń sùn. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta yóò parí, ẹgbẹ́ olùkọ́ kò sì lè jẹ́ ọkọ fún un. Lálẹ́ òní, kí olúkúlùkù wa bi ìyá ọmọ rẹ̀ léèrè pé: «Ṣé o ń sùn dáadáa?» Kí a sì dúró gbọ́ èsì. Ó lè jẹ́ pé inú Bíbélì ni ordonnance tirẹ̀ náà wà.

Ẹ̀yin ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà, báwo ni ẹ ti ń ṣe é lọ́dọ̀ yín? Ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ire o.