Kí Olùdíje Dìbò, Ṣùgbọ́n Kì í Ṣe fún Ara Rẹ̀

Láti ọwọ́ òǹkọ̀wé wa ní Ìgbọ́kọ̀dá

Nínú ìdíje ìtàn kíkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ ń bá ara wọn ṣe lórí WhatsApp, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán. Wọ́n á kó ìtàn bíi mẹ́wàá jọ, wọ́n á kà á, ìbéèrè á wá dé: ta ni yóò sọ èyí tó dára jù? Bí wọ́n bá ní kí àwọn tó kọ ìtàn gan-an dìbò, àwọn kan á fárígá pé ojúsàájú ni, pé kò sí bí ẹni tó wà nínú ìjà ṣe tún lè jẹ́ onílàjà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Ìgbọ́kọ̀dá dé Ayétòrò, títí dé Àwòyè, ẹni tó bá gbé àwọn ọ̀nà yòókù yẹ̀ wò dáadáa yóò rí i pé ìbò àwọn olùdíje fúnra wọn ló tọ́ jù sí òǹkọ̀wé ará odò, bí òfin rẹ̀ bá ti gún régé.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù lóde òní ni kí wọ́n gbé àwọn ìtàn náà sórí Facebook, kí ẹni tó bá wù ú máa tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ràn èyí tàbí ìyẹn. Kò ní pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri: “Ẹ dákun, ẹ bá mi dìbò, ìtàn kẹrin ni tèmi.” Á dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin, á dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ẹ̀kọ́, á dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó àti àbúrò tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni kò ka ìtàn kankan. Iye ènìyàn tí òǹkọ̀wé mọ̀ ni wọ́n kà níbẹ̀; ìtàn kò sí lórí òṣùwọ̀n rárá.

Ará odò ni èyí ń dùn jù. Ayétòrò tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947 ti ní iná mànàmáná tirẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Lónìí, òkun ti gbé ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ lọ níbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ti fọ́n ká. Ju ọdún mẹ́wàá lọ ni ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà láìrí iná ìjọba. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti gba iná sí fóònù, tí yóò tún dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìtàn rẹ̀ tó lọ, kò lè bá ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn du iye ènìyàn tí wọ́n lè pè jọ. Bí ìtàn rẹ̀ tilẹ̀ dára ju ti gbogbo wọn lọ, ẹ̀yìn ni yóò wà. Ìyẹn kì í ṣe ìdíje ìwé kíkọ mọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n wá adájọ́ láti ìta. Ó dára níbi tí agbára rẹ̀ bá wà. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ wà lára ohun tó mú kí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 1938. Ìjọba lágbára láti wá ẹni tí yóò jókòó kàwé. Ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí iléeṣẹ́ NLNG dá sílẹ̀ lọ́dún 2004 ń fún ẹni tó bá borí ní 100,000 dọ́là, owó sì wà fún àwọn adájọ́ rẹ̀. Ìdíje àwọn ọ̀rẹ́ kò lówó. Ẹni tí wọ́n bá bẹ̀ láti ìta yóò ka ìtàn mẹ́ta àkọ́kọ́ tọkàntọkàn, yóò sì sáré gba orí ìyókù kọjá.

Ó wá ku àwọn tó kọ ọ́. Àwọn nìkan ló ní ìdí láti ka gbogbo rẹ̀ dé ìparí. Àwọn náà ló mọ bó ṣe ń rí kí gbólóhùn kan kọ̀ kó má gún, kí ìparí ìtàn sì sá mọ́ni lọ́wọ́. Ohun tó ṣòro tí ẹlòmíràn rí ṣe kì í pamọ́ fún wọn. Ohun tí àwọn aláìfẹ́ ń bẹ̀rù ni pé onítọ̀hún yóò gbé ara rẹ̀ lékè. Ẹ̀rù náà tọ́, ó sì ti pẹ́ láyé.

Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ ilé òrìṣà obìnrin tó wà ní Éfésù, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà torí rẹ̀ dìde sí Pọ́ọ̀lù. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, sọ pé nígbà kan wọ́n fẹ́ yan èyí tó dára jù nínú àwọn ère jagunjagun obìnrin tí àwọn agbẹ́gilére olókìkí gbẹ́ fún ilé òrìṣà náà, wọ́n sì ní kí àwọn agbẹ́gilére fúnra wọn dá ẹjọ́ ọ̀hún. Olúkúlùkù fi tirẹ̀ ṣe èkíní. Ṣùgbọ́n ère Polyclitus ni gbogbo àwọn yòókù fi ṣe èkejì, òun ni wọ́n sì fún ní ipò kìíní. Phidias, tí òkìkí rẹ̀ kan ju ti gbogbo wọn lọ, ló ṣe ìkejì.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi, gẹ́gẹ́ bí Herodotus ṣe kọ ọ́. Lẹ́yìn tí àwọn Gíríìkì ṣẹ́gun àwọn ará Páṣíà lórí omi ní Salamis, lọ́dún 480 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn balógun wọn kó ìbò wọn síwájú pẹpẹ Poseidon, òrìṣà òkun, ẹni tí Ìlàjẹ ìbá pè ní Málòkun tiwọn. Wọ́n ní kí olúkúlùkù dárúkọ ẹni tó ṣe akin jù àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Olúkúlùkù kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kọ Themistocles, ọ̀kan nínú wọn, sí ìkejì. Ìlara kò jẹ́ kí wọ́n fún un ní oyè náà. Wọ́n túká, oníkálukú sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé.

Ohun tí ìtàn méjèèjì fi hàn ju ìmọtara-ẹni-nìkan lọ. Bí olúkúlùkù bá dìbò fún ara rẹ̀, ìbò wọ̀nyẹn pa ara wọn rẹ́, kò sí ẹni tó jèrè. Ẹni tí yóò pàdánù ni ẹni tí ojú tì láti yin ara rẹ̀, tó fi ìbò rẹ̀ fún ẹlòmíràn nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Òfin tó bá gba ìbò fún ara ẹni láyè ń jẹ ọmọlúàbí níyà, ìdí sì nìyí tó fi yẹ kí ó kúrò. Nígbà tó bá kúrò, ohun tí yóò ṣẹ́ kù ni ìbò ipò kejì yẹn, èyí tí òótọ́ wà nínú rẹ̀ ní Éfésù àti ní Salamis.

Àwọn kan á ní ṣebí ẹni tó ń du ipò ìjọba náà máa ń dìbò fún ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í bá a wí. Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìdìbò gómìnà Oǹdó ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Ọbẹ̀-Ńlá ní Ìlàjẹ, gba ìbò 366,781. Ìbò kan ṣoṣo tí olùdíje lè dì fún ara rẹ̀ nínú irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ohunkóhun yẹ̀. Níbi tí ènìyàn mẹ́wàá ti ń díje tí àwọn mẹ́wàá náà ń dìbò, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ìbò kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó tún lágbára ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn afọbajẹ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹni tó ń fi ọba jẹ kì í sí nínú ìdílé ọba, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́. Kí ló dé tí ìdíje ìtàn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn ni pé ìlú ní àwọn ìjòyè tí wọn kì í ṣe ọmọ ọba, tí wọ́n sì mọ ìtàn gbogbo ìdílé tó ń dupò. Ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé mẹ́wàá kò ní irú wọn. Ẹni tí kò bá kọ ìtàn kì í sábà ka gbogbo rẹ̀. Ọba sì ń jẹ títí tí yóò fi wàjà, àmọ́ oyè ìtàn tó dára jù kì í kọjá oṣù kan kí òmíràn tó dé. Ewu tó wà nínú rẹ̀ kéré débi pé òfin tó mọ́gbọ́n dání lè ká a.

Ihò kejì tó wà nínú irú ìbò yìí ṣòro ju èkíní, ìyẹn ìbò fún ara ẹni, lọ. Ẹni tí kò lè dìbò fún ara rẹ̀ ṣì lè rẹ ẹni tó ń bẹ̀rù sílẹ̀. Jean-Charles de Borda, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé, gbé ètò kan síwájú Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ní Paris lọ́dún 1770: kí olùdìbò to gbogbo àwọn tó ń díje láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ipò kọ̀ọ̀kan sì ní máàkì tirẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ẹnì kan sọ fún un pé alárékérekè lè gbé abánidíje rẹ̀ tó mọṣẹ́ jù sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ohun tó fèsì ni pé àwọn olóòótọ́ nìkan ni òun ṣe ètò náà fún.

Kò yẹ kí ìdíje dúró lórí ìyẹn nìkan. Ọ̀nà ìdìbò tó burú jù ni kí wọ́n ní kí olúkúlùkù fún ìtàn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé 10. Nínú ìdíje ẹni mẹ́wàá, ẹni mẹ́sàn-án ló ń dìbò lórí ìtàn kan. Bí àwọn mẹ́jọ bá fún un ní 8, tí ẹni kẹsàn-án sì fi ìkà fún un ní òdo, 64 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ìtàn tí àwọn márùn-ún fún ní 8, tí àwọn mẹ́rin fún ní 7, yóò ní 68, yóò sì borí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àyàfi ẹnì kan ṣoṣo yẹn. Ẹnì kan ti fi ọwọ́ kan yí ìdájọ́ àwọn mẹ́jọ padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìtàn mẹ́ta péré ni olúkúlùkù yóò dárúkọ, máàkì 3 fún èkíní, 2 fún èkejì, 1 fún ẹ̀kẹta, ibi tí òṣìkà lè ṣe kò ju kí ó fi máàkì 3 tirẹ̀ dù ú lọ. Kò lè fọwọ́ kan èyí tí àwọn yòókù fún un.

Ó tún yẹ kí ìbò hàn sí gbogbo ènìyàn lẹ́yìn tó bá parí. Nígbà tí Eurovision, ìdíje orin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kọ́kọ́ wáyé ní Lugano lọ́dún 1956, orílẹ̀-èdè méje ló kópa. Wọ́n gbà kí àwọn adájọ́ dìbò fún orin orílẹ̀-èdè tiwọn, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì ti dì í. Switzerland tó gba àlejò ló borí. Wọn kò gbé iye máàkì náà jáde títí di òní, ìfura kò sì tíì tán. Lọ́dún 1957 ni wọ́n yí i padà: orílẹ̀-èdè kankan kò gbọ́dọ̀ dìbò fún ara rẹ̀ mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì sétígbọ̀ọ́ gbogbo èrò. Greece àti Cyprus ṣì máa ń gbé máàkì 12 fún ara wọn lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń rí i. Láàárín ọ̀rẹ́ mẹ́wàá, ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò rí ìbò òun lọ́la yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ohun tí kò tọ́ sí i.

Yíyọ orúkọ kúrò lórí ìtàn kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀ dára, àmọ́ kò tó ní Ìlàjẹ. Èdè yóò tú òǹkọ̀wé fó. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tó fi “u” bẹ̀rẹ̀, bíi ti orúkọ ìlú Ugbò, tàbí tó fi “gh” sínú ọ̀rọ̀, kò nílò orúkọ kí àwọn ará Ìbàdàn tó mọ ibi tó ti wá. Kí wọ́n má torí ìyẹn ní kí ó pa èdè ilé rẹ̀ tì. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá dìbò kọ gbólóhùn méjì nípa ìtàn mẹ́ta tó mú, kí ó sọ ohun tó rí nínú wọn. Yóò ṣòro fún ẹni tó fojú tẹ́ńbẹ́lú ìtàn nítorí èdè Ìlàjẹ láti ṣàlàyé ìyẹn ní gbangba.

Ẹni tí kò bá dìbò, kí wọ́n yọ ìtàn rẹ̀ kúrò, nítorí pé ẹni tó pa ẹnu mọ́ ti fi máàkì 6 du àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń gba tiwọn. Àmọ́ kí òfin yìí má baà di ìyà fún ará Àwòyè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ lójú, kí wọ́n má fi òru kan ṣe gbèdéke ìbò. Kí wọ́n fún un ní odindi ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì gba ìbò tí ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ ọjà Ìgbọ́kọ̀dá bá mú wá lórí ìwé.