Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Fọ́sìlì Lórúkọ

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe Masters ní Cotonou kọ ímeèlì sí mi. Ọmọ Kétu ni, nítorí náà Yorùbá tó lú mọ́ Faransé ló fi kọ ọ́. Ó ní òun ti ka pírọ́jẹ́ẹ̀tì tí mo fi gba oyè àkọ́kọ́ ní 2017, pé ẹnì kan ló ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Nínú àfikún tó wà lẹ́yìn ìwé náà, mo kọ "Bairdia sp. A" sábẹ́ àwòrán ostracod kan tí mo rí nínú òkúta ẹfun Ewékorò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní mẹ́fà tó jọ ọ́ láti Onígbólò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá wo tiyín?"

Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé n kò mọ ibi tí tèmi wà.

Mo lọ wò ó ní láàbù. Páálí tí a kó sílàìdì ọdún tiwa sí ṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò àtijọ́ ni wọ́n kó lé e lórí. Nínú sílàìdì mọ́kànlá tí mo fi sílẹ̀, mẹ́rin ni mo rí. Gọ́ọ̀mù orí wọn ti bu, aáyán sì ti jẹ bébà tí mo kọ nọ́ńbà sí. Èyí tí Bairdia mi wà nínú rẹ̀ kò sí láàárín wọn. N kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Èmi gan-an kò béèrè ibi tí wọ́n máa kó wọn sí nígbà tí mo ń sáré lọ ṣe àgùnbánirọ̀.

Mo ní kí n kúkú padà sí Ewékorò lọ bu òkúta mìíràn. Ojú òkúta tí mo dúró tì ní 2017 kò sí mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn, kúárì kì í dúró sójú kan. Ọ̀gbẹ́ni tó mú mi yí ibẹ̀ ká nawọ́ sí òfuurufú, ó ní, "Ọ̀hún yẹn lẹ dúró sí nígbà yẹn." Ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹgbẹ́ Bairdia mi ti wà nínú ògiri ilé ẹnì kan ní Ṣàgámù.

Ohun tó mú mi kọ nǹkan yìí nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa pé ó yẹ kí àwa náà máa ṣàpèjúwe irú ẹ̀dá tuntun, kí orúkọ tiwa náà máa tẹ̀lé orúkọ fọ́sìlì nínú ìwé. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, fọ́sìlì tiwa kò sì nílé. Kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kí ọ̀rọ̀ orúkọ tó dé.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ostracod jẹ́ ẹranko omi kékeré, ìbátan edé àti akàn, tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì bí ẹ̀wà tó là sí méjì. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju mìlímítà kan lọ. Bí a bá fẹ́ rí wọn, a ó fọ́ òkúta náà wẹ́wẹ́, a ó rẹ ẹ́ (hydrogen peroxide tàbí kẹrosíìnì máa ń ràn án lọ́wọ́), a ó fọ̀ ọ́ lórí asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ 0.063 mìlímítà, a ó jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà a ó jókòó ti máíkírósíkóòpù pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tí a fi omi pa lẹ́nu, a ó máa ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣa àpò márùn-ún, ọrùn mi kò sì tíì dárí jì mí.

Bairdia kò ṣòro láti dá mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bí ọkọ̀ ojú omi tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó bí àgógó ẹyẹ. Ìdí tèmi gùn ju ti gbogbo èyí tí mo rí nínú ìwé lọ, ó sì tẹ̀ sókè díẹ̀. Mo ti ń ro orúkọ tí n ó sọ ọ́. Mo pe ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àgbà rẹ̀ dà?"

Ẹnu mi wọhò. Ostracod máa ń bọ́ ìkarahun rẹ̀ sílẹ̀ tó ìgbà mẹ́jọ kó tó di àgbà, ìkarahun ìgbà èwe kì í sì í fi gbogbo ara jọ ti àgbà. Ẹranko kan ṣoṣo lè fi ìkarahun tí títóbi wọn yàtọ̀ síra sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ká sì wá dé lẹ́yìn ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún ká máa sọ ọmọ àti ìyá ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akọ àti abo pàápàá lè yàtọ̀. Ọ̀kan péré ni mo ní, n kò rí àgbà, n kò rí èkejì. Nítorí náà "sp. A" ni a kọ. Títí di òní mo gbà pé ìpinnu tó tọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí "sp. A" túmọ̀ sí ni pé a máa padà wá. Ta ló ń padà wá? Ẹ lọ ṣí pírọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn tó ṣáájú yín, ẹ ó rí sp. A, sp. B, sp. 1, "gen. et sp. indet." Sp. A tèmi kì í ṣe sp. A ti ẹni tó jókòó tì mí, ìwé méjèèjì sì wà lórí pẹpẹ kan náà. Àwọn onímọ̀ epo ní Niger Delta tiẹ̀ sàn jù wá lọ níbẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fún tiwọn, Uvigerina-8, Chiloguembelina-3, bí ẹni tó ń pe ẹlẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kì í yí padà láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn.

Kì í ṣe pé a kò lè ṣe é. Ní 1959, Reyment àti Reyment sọ ostracod kan láti inú òkúta Paleocene ilẹ̀ wa ní Bairdia ilaroensis. Ìlaròó ni wọ́n fi sọ ọ́. (Òfin kò gba àmì ohùn nínú orúkọ sáyẹ́ǹsì, nítorí náà bí ẹ ti fẹ́ ni kí ẹ pè é.) Ní 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè, tí wọ́n jẹ́ ti Ifẹ̀, tẹ odindi ìwé jáde lórí òkúta Ewékorò àti fọ́sìlì inú rẹ̀ nínú Bulletins of American Paleontology, wọ́n sì ṣàpèjúwe irú ẹ̀dá tuntun níbẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé iṣẹ́ òyìnbó ni, ìwé yẹn ni mo máa ń tọ́ka sí. Ní apá kejì ààlà, Apostolescu ti kọ nípa ostracod Dahomey àti Tógò ní èdè Faransé ní 1961. Ẹni tó fa ààlà sáàárín Ìlaròó àti Kétu kò bi ostracod léèrè. Agbada ilẹ̀ kan náà ni, láti Gánà títí dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ka èdè méjèèjì. Ìdí nìyí tí ímeèlì ọmọ Kétu yẹn fi dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀: mẹ́fà tirẹ̀ lè ní àgbà nínú. Ó lè jẹ́ pé tèmi kò ju ọmọ ilaroensis lọ. A kò lè mọ̀, nítorí a kò lè gbé wọn síra.

Àwọn kan lára yín máa ní kí n jẹ́ kó kọ ti Onígbólò jáde, kí n fi fọ́tò tèmi kún un. Fọ́tò tí mo fi fóònù yà láti ojú máíkírósíkóòpù? Kò fi bí ìkarahun méjèèjì ṣe so pọ̀ hàn, kò fi inú rẹ̀ hàn. Láti ọdún 2000 sì ni òfin ìsọlórúkọ ẹranko ti sọ ọ́ kedere pé orúkọ irú ẹ̀dá tuntun kò dúró àyàfi tí a bá yan holotype rẹ̀, ìyẹn ẹyọ kan pàtó tí orúkọ náà so mọ́, tí a sì sọ ibi tí a máa kó o pamọ́ sí. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe pollen, òfin ewéko ni tiyín, ṣùgbọ́n òun náà ń béèrè ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.) Mo mọ àwọn tó ń sanwó fún jọ́nà tí kì í ka ohunkóhun kó tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n ṣáà lè kọ "n. sp." Wàhálà ni wọ́n ń kó sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀, nítorí ẹlòmíràn ló máa jókòó tú u.

Èyí tó tún dùn mí ni pé bí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ lónìí, a ó ní láti kọ orúkọ ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè síbi tí a ti ń kọ "ibi tí a kó o pamọ́ sí". Púpọ̀ nínú holotype fọ́sìlì Nàìjíríà ti wà lókè òkun, ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n máa kọ́kọ́ wá físà. Mo máa ń bínú sí i tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí mo rí páálí tiwa, ìbínú mi dín kù. Ó kéré tán, àwọn lè sọ inú dúrọ́ọ̀ tó wà.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò tó owó jẹnẹrétọ̀ ọdún kan. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan tó ní kọ́kọ́rọ́, nínú yàrá tí kò ń jò. Ìwé ràjísítà kan. Nọ́ńbà kan fún sílàìdì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́, ibi tí a ti bu òkúta náà gẹ́gẹ́ bí GPS ṣe sọ ọ́, àti ìpele òkúta náà. Kí àpò òkúta tó ṣẹ́ kù náà wà níbẹ̀, nítorí kúárì kò ní dúró dè wá. Kí ọ̀gá kankan má sì fọwọ́ sí pírọ́jẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ títí ẹni tó ń tọ́jú kọ́bọ́ọ̀dù yóò fi sọ pé òun ti gba sílàìdì rẹ̀. Wọ́n máa ní kò sáyè. Àyè wà fún ìwé ìdánwò 2009.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, mo mọ̀ pé sílàìdì àwọn kan nínú yín wà nílé, nínú páálí bàtà tàbí lẹ́yìn àpótí ìyá yín. Ẹ kó wọn wá, kódà bí bébà ara wọn bá ti re. Ọmọ Kétu yẹn máa dé ní oṣù kọkànlá pẹ̀lú mẹ́fà tirẹ̀, a ó sì jọ lọ sí Ewékorò lọ bu òkúta. Ní pàtàkì, bí ẹnikẹ́ni bá rí sílàìdì dúdú onígun mẹ́rìnlélógún tí a kọ "EWK 3, 2017" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa, onígun keje ni kó wò. Kó má ṣí gíláàsì orí rẹ̀. Kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olóòtú, n ó wá gbà á fúnra mi.