Òkun Èkó Kì Í Ṣe Búlúù

Ní ìparí sáà tó kọjá, a gbé àwòrán òkun mọ́kànlá kọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá wò wọ́n dáadáa á rí i pé òkun kan náà ni gbogbo wọn: búlúù tó ń dán, ìfófó funfun báláú, igi àgbọn kan lápá òsì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí i kó. Ó sì dùn wá, torí púpọ̀ nínú wa ló ti tẹ yanrìn etíkun Èkó rí.

Ẹni tó bá dúró ní Elegushi lásìkò ọyẹ́ mọ̀ pé omi ibẹ̀ kì í ṣe búlúù. Létí ilẹ̀, yanrìn ti pò mọ́ ọn, ó dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì díẹ̀ sí. Níwájú, ó di àwọ̀ ewé tó ṣú. Lókèèrè, ó di eérú. Ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run rẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ fi rúlà fa ìlà yẹn, ẹ mọ ara yín.)

Ìgbì ló ń dà wá láàmú jù. A máa ń yà á bí òkìtì tó tò tẹ̀léra. Ọ̀nà jíjìn ni ìgbì ti ń bọ̀. Tó bá débi tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa falẹ̀, orí rẹ̀ á ṣì máa sáré, ni yóò bá dojú bolẹ̀. Nítòsí orí rẹ̀ níbi tó ti tinrín, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá: ibẹ̀ ló mọ́ jù, tó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣú. Ìfófó pàápàá kò funfun tán; ibi tí oòrùn kò dé lára rẹ̀ rí bí eérú, ihò sì wà nínú rẹ̀ bí àwọ̀n.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní inú yàrá ni Aivazovsky, tó ya Ìgbì Kẹsàn-án ní 1850, ti máa ń ya òkun láti inú orí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Feodosia, létí Òkun Dúdú, ni wọ́n bí i sí. Òkun ti wà lórí rẹ̀ kó tó wọ yàrá. Kí ló wà lórí tiwa, yàtọ̀ sí fótò?

Owó ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ tí à ń san, ẹ jẹ́ ká fi lọ sí etíkun. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Lẹ́kkí àti Àjáh, ilẹ̀ pálọ̀ yín tó wa sùn fún alẹ́ ọjọ́ kan. A ò ní wọ omi o. Aago mẹ́fà àárọ̀ la fẹ́ ti wà létí rẹ̀, kí oòrùn tó yọ.