Ẹyẹ Wa Kì í Ṣe Ọmọ Òyìnbó

A ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, a ó sì sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń wo ẹyẹ ní ilẹ̀ Yorùbá ń ṣe iṣẹ́ tó dára, ṣùgbọ́n ààbọ̀ iṣẹ́ ni yóò máa jẹ́ títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Yorùbá ní yunifásítì pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ń wo ọ̀rọ̀ ẹyẹ bí iṣẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì nìkan, orúkọ ni yóò kù sí wọn lọ́wọ́, ẹyẹ yóò ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi iyì fún ẹni tí iyì tọ́ sí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń ṣe. Bí a bá sọ pé à ń bá wọn jáde ní ìdájí, ohun tí àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń wí ni pé, "Ẹ ti di ẹlẹ́yẹ nìyẹn!" Ẹ̀fẹ̀ ni, a sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Láti ọdún 2015 ni iṣẹ́ kan ti ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project, tí ilé ìwádìí nípa ẹyẹ, A.P. Leventis Ornithological Research Institute ní Jọ́ọ̀sì, wà nídìí rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin lórí máàpù, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò wọ inú ọ̀kan, yóò lo wákàtí 2 níbẹ̀ ó kéré tán, yóò máa kọ irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tó bá rí tàbí tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Orí fóònù ló ti ń kọ ọ́, nínú áàpù BirdLasser.

Ẹni tó bá ní kí ni èrè iṣẹ́ yìí, kó dá wa lóhùn: bí a kò bá ka ẹyẹ lónìí, kí la ó fi mọ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i pé irú kan ti dín kù? Ta ni yóò gbà wá gbọ́ bí a bá ní igbó tí wọ́n gé ti lé ẹyẹ lọ, tí a kò sì ní àkọsílẹ̀ kankan láti fi hàn?

Níbo wá ni ìjà wà? Ó wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Nínú ẹgbẹ́ tí à ń bá jáde, Gẹ̀ẹ́sì àti Látìn ni orúkọ gbogbo ẹyẹ inú ìwé wọn. Àgbẹ̀ tó ni oko tí à ń gbà kọjá lè nàka sókè kó ní, "Òrofó nìyẹn." Kò sí àyè tí wọn yóò kọ ọ́ sí. Ọdẹ tó ti ń rin igbó láti kékeré mọ ẹyẹ nípa ohùn rẹ̀, ó mọ èso tó ń jẹ, ó mọ ìgbà tó ń yé ẹyin. Ṣùgbọ́n torí pé kò lè pe òrofó ní African Green Pigeon, ó di ẹni tó kàn ń fọ̀nà hàn. Ẹni tó mọ̀ jù nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ni kò ní orúkọ nínú iṣẹ́ náà. Èyí kò dára, kò sì bọ́gbọ́n mu.

Wọ́n á ní orúkọ Yorùbá kò ṣe é gbára lé. Wọ́n á ní oríṣiríṣi ẹyẹ là ń pè ní ẹ̀gà, pé ohun tí ará Ìjẹ̀bú ń pe ẹyẹ kan lè yàtọ̀ sí ohun tí ará Èkìtì ń pè é. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn ènìyàn ló jókòó tí wọ́n yàn án, tí wọ́n fẹnu kò lé e lórí, wọ́n sì ń yí àwọn kan padà títí dòní. Ìwé atúmọ̀ èdè tí R. C. Abraham gbé jáde ní 1958 ti so ọ̀pọ̀ orúkọ ẹyẹ Yorùbá mọ́ orúkọ wọn nínú sáyẹ́ǹsì. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Kí ló dé tí a kò gbé iṣẹ́ náà síwájú? Àgbẹ̀ wa mọ bí wọ́n ṣe ń fún oríṣi iṣu kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Bí ẹ̀gà bá pọ̀, ẹ jẹ́ ká fún ẹ̀gà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Bí orúkọ bá yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, ẹ jẹ́ ká kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ká sì kọ ìlú tó ni ín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni èyí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ igún. Igún kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Hooded Vulture ni àwọn òbí àgbà máa ń rí lórí òrùlé ọjà àti ní ilé ìpẹran, tó ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́ kó tó di àìsàn sí wa lára. Ní 2015, àjọ IUCN fi í sí ìpele àwọn ẹ̀dá tó sún mọ́ àkúrun jù lọ. Májèlé ń pa á, àwọn tó ń tà á fún oògùn náà sì ń pa á. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Guinea-Bissau, ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yìí kan náà, igún tó lé ní 2000 ni májèlé pa láàárín 2019 sí 2020, wọ́n sì bá òkú àwọn kan láìlórí. Nílé wa níbí ńkọ́? Ẹ yà sí ìsọ̀ lékulẹ́ja, ẹ ó rí orí igún.

Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àṣà ni. Ibí gan-an ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti dìde. Àṣà wo? Èdè yìí kan náà ló ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í sì í fi igún bọ orí. Bí wọ́n bá gbé ẹbọ kalẹ̀, igún ni wọ́n ń retí kó wá jẹ ẹ́, kí ọkàn ẹlẹ́bọ tó balẹ̀. Igún tó wà láàyè ni o! Ta ni yóò wá jẹ ẹbọ bí gbogbo orí igún bá ti wà lórí àtẹ? A kò sọ pé kò sí oògùn tí wọ́n ń fi igún ṣe. Ó wà. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó bá ń fi àṣà gbèjà pípa igún ti mú èyí tó wù ú nínú àṣà, ó sì ti ju ìyókù nù.

Ta ló wá yẹ kó bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ èyí? Ìwé ìkéde nípa igún tí a rí lẹ́nu ọ̀nà ọjà kan, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè dé ilẹ̀. Ìyá lékulẹ́ja yóò wo àwòrán rẹ̀, yóò sì máa bá ọjà rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ "Critically Endangered" kò kàn án. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kúnlẹ̀ kí i, tó ní, "Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ṣé ẹ ṣì ń rí igún rà bíi ti tẹ́lẹ̀?" ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èèwọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ju àwòrán ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ̀ka Yorùbá náà ńkọ́? Wọ́n ń fi agbe, àlùkò àti lékeléke ṣúre fún ọmọ tuntun, a sì ń kọ́ wọn nínú lítíréṣọ̀ alohùn, a ń dáhùn ìbéèrè lé wọn lórí nínú ìdánwò. Lékeléke kò ṣòro, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n lẹ́yìn màlúù. Ìgbà wo ni kíláàsì kan jáde láti lọ wo agbe? Odídẹrẹ́ tó ni ikóódẹ ńkọ́? Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn CITES fẹnu kò láti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, torí pé ó ń tán lọ. Àwọn olùkọ́ tó ń sọ pé iṣẹ́ ẹ̀ka Zoology nìyẹn kò tíì dá wa lóhùn: bí ẹyẹ bá tán, kí ni ẹ ó máa ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹyẹ kan tilẹ̀ wà, mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà, dúdú òun pupa, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. J. H. Elgood ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958, ó sì fi orúkọ Ìbàdàn pè é: Malimbus ibadanensis. Inú igbó IITA ní Ìbàdàn wà lára ibi tó kù tí wọ́n ti ń rí i. Látìn ń pe orúkọ ìlú wa mọ́ ẹyẹ náà. Ọmọ Ìbàdàn mélòó ló mọ̀?

Àwọn kan yóò ní ebi ń pa ìlú, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń béèrè kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi àyè orúkọ Yorùbá sínú ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọdẹ tàbí àgbẹ̀ tó sọ ọ́, bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Èkejì, kí ẹ̀ka Yorùbá ka iṣẹ́ gbígba orúkọ ẹyẹ sílẹ̀ sí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ọlọ́dún kẹrin. Ẹ̀kẹta, kí ìkéde tó bá ń lọ sọ́jà àti sí orí rédíò jẹ́ Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà ń sọ, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kàn túmọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo ẹyẹ, kó kọ́ orúkọ tí àwọn tó ń bá a gbé ń pè é. Ẹni tó bá sì fẹ́ dáàbò bo èdè, kó jí ní aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, kó wọ bàtà, kó tẹ̀ lé wa lọ sínú igbó.