Àáké Tí A Yá Ni Kọ̀ǹpútà Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè bí ẹlòmíràn nínú. Kó bí wa nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ tán.

Ìtàn kan wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹfà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wòlíì ń gé igi létí odò Jọ́dánì, irin àáké ọ̀kan nínú wọn yọ, ó sì bọ́ sómi. Ọmọ náà figbe ta. Ohun tó dùn ún jù ni pé àáké náà kì í ṣe tirẹ̀, ó yá a ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni o! Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, mélòó nínú àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, ló ń ké bẹ́ẹ̀ lónìí bí ohun tí gbogbo wa jọ ni bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa? Ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Ṣebí ti ìjọba ni."

Ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ọyẹ́ sílẹ̀, ó wà lára mẹ́sàn-án tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún náà. Ìkọ̀lé gba ọgbà tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ọmọ Èkìtì tó bá fẹ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní láti gba Ifẹ̀, Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin lọ. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wà fún gan-an? Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù fún, tó ń fi dátà ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, kò nílò rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ìtapájí ló nílò rẹ̀. Ọmọ ìyá alákàrà ní Ìdó ló nílò rẹ̀, tó fẹ́ tẹ prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí kò sì lówó tí yóò san fún àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́nu géètì. Nítorí náà, ẹni tó tú RAM inú kọ̀ǹpútà lọ tà, tàbí tó mú máòsì sápò, kò ja ìjọba lólè. Ìjọba ní Àbújá kò tilẹ̀ ní í mọ̀. Ọmọ alákàrà ni yóò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí páìpù omi kan ṣoṣo tó wọ agboolé. Bí ẹni tó wà níwájú bá ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ láti fi fọ mọ́tò, ẹni tó gbé garawa dúró lẹ́yìn kò ní rí ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ. Fíìmù tí ẹnì kan ń fà sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tàbí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń ta, òun ló mú kí ìwé tí ẹlòmíràn ń wá má ṣí.

Ọ̀rọ̀ páswọ́ọ̀dù tún wà ńlẹ̀. Ọmọ á fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀, á pè é ní ìfẹ́ ará. Ẹ̀rọ ń kọ orúkọ àti àkókò sílẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yẹn bá fi kọ lẹ́tà jìbìtì, orúkọ ọmọ yín ni wọn yóò bá níbẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2023, àjọ EFCC kó ènìyàn 69 lóru ní ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀. Ariwo sọ, alága àjọ náà sì ní kí wọ́n dáwọ́ irú ìkọlù òru bẹ́ẹ̀ dúró. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí aláìṣẹ̀ máa ń bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, bí ọmọ tí kò níṣẹ́ bá ra mọ́tò wálé, ṣé kò yẹ kí ẹ bi í léèrè kí EFCC tó bi í? Àwa pásítọ̀ ńkọ́, tí à ń gba ọrẹ ìdúpẹ́ mọ́tò náà?

N kò ní dá àwọn ọmọ nìkan lẹ́bi o. Mo ti wọ yàrá kọ̀ǹpútà kan rí, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀rá ṣì wà lára àwọn àga. Wọ́n ní àlejò pàtàkì ni wọ́n ń ṣí i fún, kí àwọn ọmọ má baà bà á jẹ́. Ẹ gbà mí! Kọ̀ǹpútà kì í ṣe aṣọ òkè tí à ń kó sínú àpótí de ọjọ́ ìnáwó. Bó ti ń jókòó ló ń di ògbólógbòó. Ẹni tó tì í mọ́lé àti ẹni tó jí i, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ọmọ tí kò rí i lò.

Ẹ má sì gbàgbé iná. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọyẹ́ jáde ìwọ́de nítorí àìsí iná mànàmáná. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ọmọ méjì kú. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n! Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ tí ẹnì kan ń fi iná rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, àwọn méjì yẹn ni mo máa ń rántí.

Kí n sọ tèmi náà. Ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan, mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìjọba tẹ ìwé ètò ìdúpẹ́ ìjọ wa, ẹ̀dà igba. Lọ́jọ́ kejì, màmá kan wá láti oko, lẹ́tà kan péré ló fẹ́ gbà. Íǹkì ti tán. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé, "Màmá, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó ti fi owó ọ̀kadà wá. Mo ra íǹkì àti rímù pépà kan dá padà. Akọ̀wé tó gbà á rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kò sí o, Pásítọ̀?

Ohun tí a fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kò pọ̀. Kí wọ́n kọ àkókò ìṣílé sára ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì ṣí i lóòótọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú àwọn tó ń bójú tó yàrá náà. Kí ẹni tó bá bà á jẹ́ tún un ṣe, ìbáà jẹ́ ọmọ ọ̀gá. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ wá fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín dání, nítorí ìwé kejì wà níbẹ̀ tí àwọn náà yóò fọwọ́ sí.